Ètè Tí Kò Kan Ara Wọn

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ súnmọ́ ààrò, ẹ fi kúbùsù bo ẹsẹ̀ yín. Àwọn àlejò mẹ́ta tó wọlé ìyá kan tó ń jẹ́ Döndü lọ́jọ́ tí òjò dídì bo abúlé wa, bàtà wọn ò rin ẹní. Ohun tí ìyá náà kọ́kọ́ ṣàkíyèsí nìyẹn.

Ọmọ rẹ̀, akọrin tó ń ta saz, ohun èlò orin olókùn, ni wọ́n wá gbọ́. Satılmış ni Döndü sọ ọ́, ìyẹn A-ti-tà-á, torí àwọn mẹ́fà tó ṣáájú rẹ̀ ò dúró. Ṣùgbọ́n Yaralı, Ọlọ́gbẹ́, ni orúkọ tí ọ̀gá tó kọ́ ọ lórin fún un láti fi máa parí orin. Orin ò parí níbí títí akọrin yóò fi dárúkọ ara rẹ̀, kí àwọn olùgbọ́ sì pè é tẹ̀lé e.

Döndü gbé tíì fún wọn. Tíì tutù, kò dín.

"Àbí tíì mi ò dùn ni, ẹ̀yin àgbà?"

"Ó dùn, ìyá," ni èyí tó dàgbà jù dáhùn. "Orin la ń retí, àti orúkọ."

Satılmış bú sẹ́rìn-ín. "Ìyá, àwọn yìí gbówọ́ nínú ewì abẹ́rẹ́ o! Ètè wọn ò kan ara wọn látìgbà tí wọ́n ti dé!" Ẹ mọ̀ pé tí àwọn akọrin bá ń díje, abẹ́rẹ́ ni wọ́n ń fi há àárín ètè, kí wọ́n lè kọ kìkì ọ̀rọ̀ tí ètè kì í pàdé níbẹ̀; bí ètè bá kàn pẹ́nrẹ́n, ó gún un.

Döndü ò rẹ́rìn-ín. Òun ló ń fi aṣọ di àgbọ̀n òkú lábúlé. Ẹni tí òtútù pa lórí òkè, tí kò rẹ́ni di àgbọ̀n rẹ̀, ẹnu rẹ̀ kì í padé mọ́. Bí irú òkú bẹ́ẹ̀ bá sì pe orúkọ akọrin níparí orin, àfi kó bá wọn lọ.

Satılmış ti kọrin dé ẹsẹ tó kẹ́yìn. "Ya..."

"Ìwọ ọmọ yìí!" Döndü já lù ú. "Orúkọ tí mo sọ ẹ́, ṣé kò tó fi parí orin ni? Òun ni kó o pè!"

Ojú ti ọmọ. Ó fi Satılmış parí rẹ̀.

Àwọn àlejò la ẹnu. "Satıl..." Wọ́n dúró síbi "m", níbi tí ètè ti gbọ́dọ̀ pàdé. "Satıl..." Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe títí ilẹ̀ fi fẹ́ mọ́. Satılmış ò rẹ́rìn-ín mọ́. Döndü ń hun ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ lọ.

Nígbà tí àkùkọ kọ, wọ́n dìde.

"A ń lọ, ìyá."

"Ẹ máa lọ o, ọmọ ọlọ́mọ."

Lẹ́nu ọ̀nà, àgbà wọn yíjú padà. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ ti àgbọ̀n ara rẹ̀ sókè, díẹ̀díẹ̀, títí ètè rẹ̀ méjèèjì fi kàn.

"Mmm," ló wí. Inú rẹ̀ dùn bíi ti ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ̀rọ̀. Wọ́n sì gba ọ̀nà òkè lọ.