Ọwọ́ Tí Kò Sí Nínú Fọ́tò

Lọ́jọ́ tí Yahya kọ́kọ́ wọ ṣọ́ọ̀bù Olúwaṣìkẹ́mi ní Ìdímù, ọpẹ́ ni ọmọbìnrin náà rò pé ó wá dá. Ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ni Ṣìkẹ́mi ya fọ́tò ìgbéyàwó Àmúsà, ẹ̀gbọ́n Yahya, ní Ìkòtún. Ọkọ àti ìyàwó ti pè é, wọ́n ti ṣàdúrà fún un títí. Nítorí náà, nígbà tí ọkùnrin gíga yìí gbé álíbọ́ọ̀mù ìgbéyàwó náà ka orí tábìlì, ẹ̀rín ni Ṣìkẹ́mi fi pàdé rẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o," ni Yahya wí. "Fọ́tò yín dára. Àmọ́ ẹ gé ọwọ́ ìyá wa."

"Mo gé kín ni?"

Yahya ṣí ojú ewé kan. Àmúsà àti ìyàwó rẹ̀ wà lórí ìkúnlẹ̀, ìyá dúró tì wọ́n, ó ń ṣàdúrà. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tó nà sórí wọn, ọrùn-ọwọ́ ni fọ́tò parí sí.

Inú bí Ṣìkẹ́mi. Ó ti lé ní ọdún mẹ́fà tó ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, kò sí ẹni tó tọ́ka àbùkù sí i lójú báyìí rí.

"Ojú ìyàwó ni mo ń tẹ̀ lé," ló fi dá a lóhùn. "Bí wọ́n ṣe ń yà á nìyẹn. Àbí ẹ̀yin náà ń ya fọ́tò ni?"

"Rárá o. Télọ̀ ni mí, ní Shasha. Ẹ má bínú." Yahya gbé álíbọ́ọ̀mù rẹ̀, ó lọ.

Ṣìkẹ́mi ṣí kọ̀ǹpútà kó lè rí ohun tí yóò fi já a nírọ́. Ó wo fọ́tò ẹyọ kan yẹn títí oúnjẹ ọ̀sán rẹ̀ fi tutù. Bó ṣe ń wò ó ni àdúrà ìyá yẹn ń dà bí ọ̀rọ̀ tí wọ́n gbà mọ́ èèyàn lẹ́nu. Òótọ́ ni télọ̀ náà sọ. Èyí tó wá dùn ún jù ni pé kò sí àtúnṣe. Bí kámẹ́rà ṣe gbé e nìyẹn, kò sì ya òmíràn.

Ó gba nọ́ńbà Yahya lọ́wọ́ Àmúsà, ó sì pè é. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí. Mi ò lè dá ọwọ́ màmá padà."

"Mo mọ̀," ni Yahya fèsì. "Kí ẹlòmíràn má bàa pàdánù tirẹ̀ ni mo ṣe sọ ọ́. Bí oníbàárà mi ò bá sọ ibi tí aṣọ ti fún un, báwo ni n ó ṣe mọ̀?"

Ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ ọ́ lára. Kò mọ ìgbà tó bẹ Yahya pé kó máa wá bá òun wo fọ́tò kí òun tó kó wọn fún àwọn tó ni wọ́n.

Láti ìgbà náà, gbogbo Àlàmísì, tí Yahya bá ti kírun Àsárì tán, á wọkọ̀ láti Shasha, á wá jókòó ti Ṣìkẹ́mi nídìí kọ̀ǹpútà.

"Ẹ wo bàbá ìyàwó níbí, wọ́n ń sunkún, kéèkì lẹ̀ ń yà." Tàbí, "Ó ti rẹ ìyàwó yìí jàre, ẹ ò bá ti jẹ́ kó jókòó."

Kì í gbóhùn sókè, kì í sì í yìn ín. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹta, fọ́tò Ṣìkẹ́mi ti yàtọ̀, wọ́n ń pè é láti Ẹ̀gbẹ́dá dé Ìgàndò. Ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀. Ṣé fọ́tò ni ọkùnrin yìí ń wá wò ni, àbí òun? Tó bá jẹ́ òun, kí ló dé tí kò sọ̀rọ̀? Tó bá jẹ́ fọ́tò, ta ló ní kó máa bó ọsàn wá fún òun? Kí ló sì dé tí òun náà ń kun àtíkè ní gbogbo Àlàmísì?

Lọ́jọ́ kan, Yahya mú aṣọ wá, ańkárá aláwọ̀ ewé tó rán fún un láìwọn ara rẹ̀. Ṣìkẹ́mi wọ̀ ọ́, ó dúró níwájú dígí. Ó rẹwà, àmọ́ kò lè gbé apá.

Ó rò ó wò. Ṣé kí òun parọ́ ni? Ẹni tó ti ń sọ òótọ́ fún òun láti oṣù mẹ́ta?

"Ó dára," ló wí, "ṣùgbọ́n ó fún mi ní abíyá. Mi ò lè gbé kámẹ́rà sókè."

Yahya gba aṣọ náà, ó ká a, ó ní ó dàbọ̀. Ní Àlàmísì tó tẹ̀ lé e, kò wá. Òmíràn kọjá. Ẹ̀kẹta náà kọjá. Tí Ṣìkẹ́mi bá pè é, á ní iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ òun.

Ọkàn Ṣìkẹ́mi dàrú. Ṣé ẹni tó mọ òótọ́ sọ ni kò mọ̀ ọ́n gbà? Inú ń bí i, àárò sì ń sọ ọ́, kò mọ èyí tí ì bá mú nínú méjèèjì. Ìyàwó kan ní àdúgbò Command pè é pé gbogbo fọ́tò òun ló dára, kò sí àbùkù kankan. Ìyìn náà ò dùn létí rẹ̀. Ó gbé fóònù sílẹ̀, ó bú sẹ́kún, kò sì mọ ohun tó ń sunkún sí.

Nígbà tó di Mọ́ńdè, ó gbéra, ó di Shasha. Ó bá Yahya nídìí máṣíìnì, ó ń tú abíyá ańkárá yẹn.

"Ṣé nítorí aṣọ lo ṣe pa mí tì?" Ọjọ́ náà ló kọ́kọ́ fi ojú ẹgbẹ́ bá a sọ̀rọ̀, kò fi "ẹ" kún un mọ́.

"Kì í ṣe aṣọ," ni Yahya dáhùn. "Aṣọ ní àtúnṣe. Màmá mi ló bi mí ibi tí mò ń lọ ní gbogbo Àlàmísì. Mo ní ọ̀dọ̀ ẹni tí mo fẹ́ fi ṣaya ni. Wọ́n ní ọmọ ibo. Mo ní ọmọ Èkìtì, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹkún ni wọ́n bú sí. Wọ́n ní ta ló máa bá àwọn jí sáàrì nígbà ààwẹ̀."

"O sọ fún màmá ẹ kí o tó sọ fún èmi?"

"Mo rò pé o ti mọ̀ ni."

"Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀? Ìwọ tó ń rí àbùkù ara fọ́tò láti òkèèrè, o ò lè la ẹnu ẹ sọ pé o nífẹ̀ẹ́ mi!"

Yahya tẹ orí ba. "Ti fọ́tò rọrùn. Tí mo bá sọ èyí, tí o ní o ò fẹ́, ibo ni n ó máa lọ ní Àlàmísì? Olólùfẹ́ mi, mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ ṣe."

"Èmi náà ò mọ̀ ọ́n." Ṣùgbọ́n "olólùfẹ́ mi" tí Ṣìkẹ́mi gbọ́ yẹn kò jẹ́ kó lè bínú mọ́. Ó fa àpótí kan, ó jókòó.

Nílé, màmá Ṣìkẹ́mi, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, ó yọ awò ojú rẹ̀.

"Ìmàle, Ṣìkẹ́mi? Kí ni n ó sọ fún àwọn ìyá ìjọ?" Ó fi etí ìró rẹ̀ nu awò náà. "Kí lo rí lára ẹ̀ ná?"

"Ó ń sọ òótọ́ fún mi, mà."

"Bàbá rẹ ò sọ òótọ́ fún mi rí." Ìyá náà mí kanlẹ̀. "Mi ò sọ pé mo gbà o, mi ò sì sọ pé mo kọ̀. Kọ́kọ́ lọ rí ìyá rẹ̀."

Ní ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, Ṣìkẹ́mi kúnlẹ̀ níwájú Ìyá Àmúsà. Màmá náà jókòó sórí ẹní, kò rẹ́rìn-ín.

"Ìwọ lo gé mi lọ́wọ́."

"Èmi ni, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

"Ṣé wàá máa kírun?"

Àmúsà ti kọ́ ọ lẹ́nu ọ̀nà pé kó ṣáà ní bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ á parí. Ó la ẹnu, bẹ́ẹ̀ ni náà kò jáde.

"Mi ò mọ̀, mà. Mi ò fẹ́ parọ́ fún yín. Mo nífẹ̀ẹ́ Yahya, ìyẹn dá mi lójú. Tó bá di sáàrì, mo lè jí dáná. Ṣùgbọ́n mi ò mọ̀ bóyá mo lè fi ṣọ́ọ̀ṣì sílẹ̀."

Màmá wò ó títí. "Èmi náà ò mọ ohun tí n ó sọ," ló wí níkẹyìn. "Máa lọ ná."

Kò sí ẹni tó mọ ìtumọ̀ "máa lọ ná" yìí. Yahya ní màmá ti ń rọ̀ nìyẹn. Àmúsà ní kò gbà ni. Oṣù mẹ́rin kọjá, màmá ò tún sọ nǹkan kan. Nígbà tó yá, àwọn méjèèjì mú ọjọ́ ìgbéyàwó ní kóòtù, wọ́n sì ránṣẹ́ sí i. Ìyá Àmúsà ní òun ò ṣèlérí.

Ní àárọ̀ ọjọ́ náà, màmá Ṣìkẹ́mi dá jókòó sí ìpẹ̀kun bẹ́ǹṣì iwájú pẹ̀lú Bíbélì rẹ̀. Yahya ń wo ẹnu ọ̀nà, Ṣìkẹ́mi ń wo Yahya. Ṣé kí wọ́n dúró ni, àbí kí wọ́n máa ṣe é lọ? Akọ̀wé ti ṣí ìwé nígbà tí kẹ̀kẹ́ márúwá kan dúró níta. Ìyá Àmúsà ló sọ̀ kalẹ̀, tòun ti léèsì lọ́rùn, tẹ̀súbà lọ́wọ́. Kò kí ẹnì kankan. Ó jókòó sí ìpẹ̀kun kejì bẹ́ǹṣì náà, ó wo àyè tó wà láàárín òun àti màmá Ṣìkẹ́mi.

"Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, mà," ló wí fún un. "Bí a bá jìnnà síra báyìí, ìyàwó wa ò ní rí wa pọ̀ nínú fọ́tò."

Màmá Ṣìkẹ́mi sún mọ́ ọn. Ṣìkẹ́mi gbọ́ "ìyàwó wa" yẹn, omijé bò ó lójú. Lẹ́ẹ̀mejì ni akọ̀wé pe orúkọ rẹ̀ kó tó lè dáhùn.