Yàrá Ọlọ́lá Méjì, Aládùúgbò Kan

Irùngbọ̀n ni Ìyá Agbẹ̀bí kọ́kọ́ rí, irùngbọ̀n funfun tí ìfófòó ọṣẹ ìfọyín tún bò mọ́lẹ̀, kó tó rí ojú tó ni irùngbọ̀n, kó tó wá rí odindi ọkùnrin tó ni ojú.

Òwúrọ̀ ọjọ́ kejì lójú òkun ni. Ó jókòó jẹ́ẹ́ ní bálíkónì yàrá rẹ̀, ó ń wo òkun bí ẹni tó ń wo aboyún tí àsìkò rẹ̀ kò tíì tó. Ló bá gbọ́ nǹkan lẹ́yìn pákó tó wà láàárín bálíkónì tirẹ̀ àti ti aládùúgbò: gbulugbulu, gbulugbulu, túù! Ẹnì kan ń yọ ẹnu, ó sì ń tu omi rẹ̀ sínú òkun. Ó tu ú lẹ́ẹ̀kan, ó tu ú lẹ́ẹ̀kejì. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, Ìyá Agbẹ̀bí ò lè pa á mọ́ra mọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lọ́hùn-ún, ṣé omi òkun ò tó ni, tẹ́ ẹ fi ń fi kún un?"

Gbulugbulu dákẹ́. Irùngbọ̀n yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ pákó.

"Ẹ má bínú, Màmá. Mo rò pé èmi nìkan ni mo jí."

"Ta ni màmá yín? Ẹ wo irùngbọ̀n yín nínú dígí kẹ́ ẹ tó máa pe ènìyàn ní màmá!"

Ọkùnrin náà bú sẹ́rìn-ín, ìfófòó fò káàkiri. Ìyá Agbẹ̀bí náà rẹ́rìn-ín, kò mọ̀gbà tó ṣí ẹnu. Lọ́gán ni ọkùnrin náà pa ojú pọ̀, ó ń wò ó bí ẹni tó ń wo inú kànga.

"Wọ́n ti yọ ọ̀kan lókè, lápá òsì. Ẹni tó yọ ọ́ kò kọ́ṣẹ́ parí."

Ìyá Agbẹ̀bí pa ẹnu dé pó! "Kí lẹ ń wá nínú ẹnu ẹlẹ́nu?"

"Dókítà eyín ni mí. Mo ti fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n ojú mi ò tíì gbọ́."

"Agbẹ̀bí lèmi. Èmi náà ti fẹ̀yìn tì."

"Háà! Ẹ̀yin lẹ ń ní kí wọ́n tì í, èmi ni mò ń ní kí wọ́n ya ẹnu. Nínú àwa méjèèjì, kò sí ẹni tí wọn ò ṣépè fún."

Ìjà àwọn ọmọ rẹ̀ méjì ló gbé Ìyá Agbẹ̀bí dé ojú omi. Ẹ̀gbọ́n jẹ́ obìnrin, lọ́yà ni. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, ẹnjiníà. Láti kékeré, bí ọ̀kan bá bu omi fún ìyá wọn, èkejì á gbé odindi garawa dé. Nígbà tí ìyá fẹ̀yìn tì, Lọ́yà gba yàrá ọlọ́lá fún un nínú ọkọ̀ ìgbafẹ́ ńlá kan, irú yàrá tí wọ́n ń pè ní súùtì, tó ní pálọ̀ tirẹ̀ àti bálíkónì tirẹ̀. Ẹnjiníà gbọ́, oorun dá lójú rẹ̀. Ó gbọ̀nà ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ mìíràn lọ, ó gba súùtì tó tóbi ju ìyẹn, fún oṣù tó tẹ̀lé e. "Kí Màmá wọ ọkọ̀ méjèèjì," ló wí, "kí wọ́n wá sọ èyí tó dára jù." Bí obìnrin tó gbẹ̀bí ìdajì ìlú ṣe di adájọ́ bẹ́ẹ̀dì nìyẹn.

Nínú ọkọ̀ ti Lọ́yà yìí, pákó àárín bálíkónì ní kọ́kọ́rọ́. Bí aládùúgbò méjì bá gbà, ìránṣẹ́ yàrá á ṣí i, bálíkónì méjì á di ẹyọ kan. Dókítà Eyín ló kọ́kọ́ dábàá.

"Kí la fẹ́ tìtorí ẹ̀ ṣí i?" ni Ìyá Agbẹ̀bí bi í.

"Nítorí ọrùn mi ni. Mò ń nà án bí ìgbín láti àárọ̀."

"Ẹ fà á padà sínú ìkarahun yín."

Ó kọ̀. Àmọ́ nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó rí i pé òun ń dúró de gbulugbulu kí òun tó mu tíì. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Òun fúnra rẹ̀ ló ránṣẹ́ pe ìránṣẹ́ yàrá tó ní kọ́kọ́rọ́. Ní àárọ̀ kejì tí Dókítà Eyín fi búrọ́ọ̀ṣì sẹ́nu jáde, kò bá pákó níbẹ̀ mọ́. Ìyá Agbẹ̀bí ló bá, ó jókòó, ó ti gbé ife kejì kalẹ̀. Ẹnu Dókítà là sílẹ̀, búrọ́ọ̀ṣì bọ́ sínú òkun.

"Ẹ tún ti fi kún un," ni Ìyá Agbẹ̀bí wí.

Láti ìgbà náà, wọn kò jẹun lọ́tọ̀ mọ́. Ìyàwó Dókítà ti kú, ọkọ Ìyá Agbẹ̀bí náà ti kú tipẹ́. Wọ́n sọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì láìsunkún, bí ẹni ń sọ ti ọ̀rẹ́ tó ṣí lọ sí ìlú mìíràn. Àkókò yòókù, wọ́n fi ń dá ara wọn lápàárá. Bí Ìyá Agbẹ̀bí bá fẹ́ fi ṣúgà sí tíì, Dókítà á mí kanlẹ̀ bí ẹni tí wọ́n kéde òkú fún. Bí ikùn ńlá kan bá ń bọ̀ lókèèrè, Ìyá Agbẹ̀bí á wò ó títí.

"Ọ̀sẹ̀ méjì ló kù fún un."

"Ìyá Agbẹ̀bí, ọkùnrin ni."

"Ẹ̀n? Ọ̀sẹ̀ méjì náà ló kù fún un."

Ọjọ́ tí ọkọ̀ gúnlẹ̀, Dókítà béèrè nọ́ńbà fóònù rẹ̀. Ó ti wà lẹ́nu obìnrin náà, ó kù kó pè é jáde. Ló bá rí Lọ́yà àti Ẹnjiníà lébùúté, tí wọ́n ń ja ìjà ẹni tí yóò gba àpò rẹ̀. Ẹ̀rù àwọn ọmọ tó bí nínú ara rẹ̀ bà á. Ó gbé nọ́ńbà náà mì.

"Oṣù tó ń bọ̀," ló wí, ó ń wo ọ̀nà ibòmíràn, "ọmọ mi ọkùnrin ti gba ọkọ̀ kejì fún mi, èyí tó ní àmì ìràwọ̀ wúrà lára. Mo kàn sọ ọ́ ni o."

"Èmi náà kàn gbọ́ ọ ni," Dókítà fèsì.

Ọkọ̀ kejì! Ẹ má wulẹ̀ bi mí. Mábù ni wọ́n fi tẹ́ ilé ìwẹ̀. Bẹ́ẹ̀dì fẹ̀ débi pé èèyàn lè gbàgbé èyí tó jẹ́ orí nínú rẹ̀. Ìránṣẹ́ yàrá ibẹ̀ wọ ìbọ̀wọ́ funfun, ó mú káàdì orúkọ ìrọ̀rí wá: ti ìyẹ́, ti fóòmù, ti òwú, èyí tó le, èyí tó rọ̀.

"Èwo lẹ fẹ́, Màmá?"

"Ọmọ mi, orí kan ṣoṣo ni mo gbé wá."

Àmọ́ irin ni wọ́n fi dí àárín bálíkónì ibẹ̀, kò ní kọ́kọ́rọ́. Ìyá Agbẹ̀bí jókòó tì í láàárọ̀, ó tẹ́tí. Kò pẹ́: gbulugbulu, gbulugbulu, túù! Ó fò dìde, ó gbá irin mú.

"Ṣé omi òkun ò tíì tó ni?" ló kígbe tayọ̀tayọ̀.

Orí ọ̀dọ́mọkùnrin kan yọ, àgbọ̀n rẹ̀ dán bí ẹyin. "Ẹ má bínú, Mà." Ohùn obìnrin bú jáde lẹ́yìn rẹ̀: "Ṣé mi ò sọ fún ọ pé àwọn àgbà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa?"

Ìyá Agbẹ̀bí wọlé, ó jókòó sáàárín mábù. Nígbà tó yá, ó gbọ́ ohùn ara rẹ̀: ó ń sọ fún kọ́tìnnì pé atẹ́gùn pọ̀ lónìí.

Àwọn onísúùtì ní ilé oúnjẹ tiwọn nínú ọkọ̀ yìí. Èèyàn lè wọ ọkọ̀ náà kó sì bọ́ sílẹ̀ láìrí ẹlòmíràn. Ìyá Agbẹ̀bí ní òun kò jẹ ti ibẹ̀ mọ́. Ó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ilé oúnjẹ gbogboogbò. Níbẹ̀ ló ti rí irùngbọ̀n kan tó di orí ọ̀pá àtẹ̀gùn mú bí ọmọ tó di aṣọ ìyá rẹ̀ mú.

"Dókítà! Ẹ wá, ẹ ò sì wá mi?"

"Mo wá yín. Súùtì ti tán nígbà tí mo débẹ̀. Ìsàlẹ̀ pátápátá ni wọ́n fi mí sí, lórí ẹ́ńjìnnì, kò sí fèrèsé. Láti ìgbà tá a ti gbéra ni mo ti ń bì. Nígbà tí mo lè dìde, lífìtì tó lọ sọ́dọ̀ yín ò gba káàdì mi."

"Ọkọ̀ àkọ́kọ́ ò ṣe yín báyìí."

"Ní ti àkọ́kọ́, mo ní atẹ́gùn níwájú, mo ní yín lẹ́gbẹ̀ẹ́."

Ìyá Agbẹ̀bí gbé ojú kúrò lára rẹ̀ kíá, ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè. Ó bi ìránṣẹ́ yàrá rẹ̀, Ìbọ̀wọ́ Funfun, bóyá òun lè mú aláìsàn gòkè wá. Ìbọ̀wọ́ Funfun fi ìbànújẹ́ mi orí: ẹni tí kò ní káàdì òkè kò gbọ́dọ̀ débẹ̀.

"Ó dáa. Èmi á lọ síbi tí wọn kì í ti í béèrè káàdì."

Yàrá Dókítà kò gba àga méjì, nítorí náà ọ̀dẹ̀dẹ̀ tóóró iwájú ilẹ̀kùn ni wọ́n ń jókòó sí. Lójoojúmọ́, Ìbọ̀wọ́ Funfun á gbé tíréè fàdákà sọ̀ kalẹ̀ láti òkè téńté, á máa fẹ̀gbẹ́ rìn kọjá láàárín àwọn tó ń gbé aṣọ ìdọ̀tí, kó lè rí i dájú pé onísúùtì rẹ̀ mu tíì. Ara Dókítà yá. Ó di ọjọ́ kan, ó gbé ife kalẹ̀.

"Ìyá Agbẹ̀bí, mi ò fẹ́ kó jẹ́ pé mo gbọ́dọ̀ wọkọ̀ kí n tó rí yín mọ́. Ẹ jẹ́ kí n fẹ́ yín."

Ìbọ̀wọ́ Funfun, tó wà láàárín wọn pẹ̀lú tíréè, gbójú sókè. "Ṣé kí n padà wá, Mà?"

"Dúró síbẹ̀!" Ìyá Agbẹ̀bí fọwọ́ kan etí ife, ó gbé ọwọ́ kúrò. "Dókítà, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ fún àwọn ọmọ mi. Mo mọ ara mi. Bí mo bá gbà níhìn-ín láìsọ fún wọn, màá sẹ́ ẹ lọ́hùn-ún."

Ọjọ́ Ìsinmi lẹ́yìn tó délé, àwọn ọmọ dojú kọ ọ́ nídìí tábìlì bí ẹni tó ń dúró de èsì ìdánwò.

"Bẹ́ẹ̀dì ńkọ́?" Lọ́yà bi í.

"Méjèèjì rọ̀."

"Ilé ìwẹ̀ ńkọ́?" Ẹnjiníà bi í.

"Tìrẹ borí. Bí mo bá wúkọ́ níbẹ̀, ògiri á bá mi wú u."

Ẹnjiníà dìde, ó bọ ara rẹ̀ lọ́wọ́. "Ẹ gbọ́ yẹn, ẹ̀gbọ́n mi! Màmá, ara yín balẹ̀ níbẹ̀ àbí?"

"Ó balẹ̀ gan-an. Ariwo ẹ́ńjìnnì yẹn máa ń tu èèyàn lára."

Ẹnjiníà rọra jókòó padà. "Ẹ́ńjìnnì kẹ̀? Òkè téńté ni yàrá yín. Mo wo àwòrán ọkọ̀ náà látòkè délẹ̀. Ẹ ò lè gbọ́ ẹ́ńjìnnì níbẹ̀!"

"Wọ́n ti lù ẹ́ ní jìbìtì!" Lọ́yà pàtẹ́wọ́. "Wọ́n ti gbé ìyá wa sí ìsàlẹ̀! Àbúrò mi, fi wọ́n sílẹ̀ fún mi. Láàárọ̀ ọ̀la, mo ti pè wọ́n lẹ́jọ́."

Ìyá Agbẹ̀bí rí i pé bí òun bá dákẹ́, aláìṣẹ̀ yóò rojọ́.

"Ẹ jókòó. Ẹsẹ̀ mi ló gbé mi lọ sísàlẹ̀. Ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tí mò ń bá sọ̀rọ̀. Ó ní òun fẹ́ fẹ́ mi. Mo sì fẹ́ gbà."

Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí wọn, àwọn ọmọ méjèèjì fẹnu kò sí ọ̀rọ̀ kan.

"Rárá!"

"Kí lẹ ṣaláìní, Màmá?" Lọ́yà bi í. "Kí la ò ṣe fún yín?"

"Ẹ ṣe é, ẹ sì ṣe é ju bó ṣe yẹ. Ẹnjiníà, súùtì tìrẹ ló dára jù, mo wí i níwájú ẹ̀gbọ́n rẹ. Àmọ́ nígbà tí mo dá wà nínú rẹ̀, kọ́tìnnì ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ ra èyí tó jù ú lọ, màá kí kọ́tìnnì ibẹ̀ náà. Ilé yìí, bẹ́ẹ̀ náà ni."

Lọ́yà wo kọ́tìnnì pálọ̀, èyí tó fọwọ́ ara rẹ̀ rà. "Ẹ máa ń kí eléyìí?"

"Láràárọ̀. Ó ní kí n máa kí ọ."

Lọ́yà ti àwo oúnjẹ síwájú. "Kí ó wá," ló wí. "Mo ní ìbéèrè."

Dókítà Eyín wá. Wọ́n fi í sí àga kan ṣoṣo láàárín pálọ̀, Lọ́yà ń rìn síwá sẹ́yìn níwájú rẹ̀.

"Irú yàrá wo lẹ máa mú ìyá wa lọ?"

"Yàrá méjì ni mo ní. Ọ̀kan ní fèrèsé tó dára. Ti èkejì, ẹ ní láti lóṣòó kẹ́ ẹ tó rí ojú ọ̀run."

"Ta ni ìránṣẹ́ ibẹ̀?"

"Èmi ni."

"Kí ni àléébù yín?"

Dókítà wo ilẹ̀. "Mo máa ń hanrun."

"Báwo ló ṣe pọ̀ tó?" Ẹnjiníà dá sí i.

"Mo máa ń tòògbé lórí àga lọ́dẹ̀dẹ̀ yẹn. N ò mọ̀ bóyá ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ nìkan ni Màmá gbọ́."

Ìyá Agbẹ̀bí fi ọwọ́ bo ojú, èjìká rẹ̀ ń mì. Ẹ̀rín fẹ́ gba ẹnu Lọ́yà, ó gbé e mì, ó dúró gbọn-in.

"Bí ìyá wa bá sọ̀rọ̀ ńkọ́?"

"Màá dáhùn."

Lọ́yà ò ní ìbéèrè mọ́. Ó yíjú sí fèrèsé, ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Àbúrò rẹ̀ dìde lọ dúró tì í, kò bá a jiyàn kankan.

"Dókítà," ni Ìyá Agbẹ̀bí wí, "ẹ bi mí lẹ́ẹ̀kan sí i."

"Ṣé ẹ máa jẹ́ kí n fẹ́ yín?"

"Mo gbà, níwájú wọn."

Nígbà tí oòrùn ń rọlẹ̀, wọ́n wà nílé ìdáná, obìnrin ń fọ àwo, ọkùnrin ń nù ún. Dókítà to àwo kan kalẹ̀, omi ṣì ń kán lára rẹ̀.

"Ẹ ò mọ àwo nù."

"Mi ò mọ̀ ọ́n. Ta ló máa kọ́ mi?"

"Èmi ni. Ó máa pẹ́ o, orí yín le."

"Ẹ má kánjú."

Ìyá Agbẹ̀bí sún mọ́ ọn títí ìgbọ̀nwọ́ wọn fi kan ara wọn, ó sì na àwo mìíràn sí i.