Àwòrán Tó Gba Ọ̀nà Tóóró

Orí òpó rédíò ni ọmọbìnrin kan ti kọ́kọ́ rí ọkùnrin kan. Ó rọ̀ mọ́ irin bí àdán. Fìlà rẹ̀ já bọ́ síwájú ẹsẹ̀ ọmọbìnrin náà.

"Ọ̀gá orí òpó, ṣé ó ku orí tí ẹ máa jù sílẹ̀?"

"Ọkàn mi ló kọ́kọ́ já, arẹwà. Fìlà kàn tẹ̀lé e ni."

Ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín. Iléeṣẹ́ ojú ọjọ́ ló ti ń ṣiṣẹ́, nídìí ẹ̀rọ tó ń gba ìròyìn òjò. Ọkùnrin náà ló ń tún ẹ̀rọ ọ̀hún ṣe. Ìfẹ́ wọ̀ wọ́n lára.

Kò pẹ́, wọ́n gbé ọkùnrin náà lọ sí ibùdó orí òkè. Òjò wó ọ̀nà. Rédíò nìkan ló kù láàárín wọn.

Káfíńtà àgbà ni bàbá ọmọbìnrin náà. Kò gbà kí wọ́n fẹ́ra.

"Ṣé orí àpáta ni ẹ ó máa sùn? Mi ò rí ilé rẹ̀. Oníbíríkì tó fẹ́ fi ọ́ ṣaya ń retí èsì. Ọ̀la ni mo máa dá a lóhùn."

Ọmọbìnrin náà mú bàbá rẹ̀ dé ìdí ẹ̀rọ lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ọkùnrin náà fi àwòrán ilé rẹ̀ ránṣẹ́ lórí rédíò, ṣùgbọ́n ìkánjú bá a. Ó sáré ju agbára ọ̀nà rédíò lọ. Kìkì àbàwọ́n ló dé.

"Ó ń fi nǹkan pamọ́."

"Rárá, Bàbá. Ọ̀nà tí wọ́n fún wa lójú afẹ́fẹ́ ló tóóró. Iye òjò nìkan ni wọ́n ṣe é fún. Ká ní ó fẹ̀ ní ìlọ́po méjì ni, ohun tó ń gbà á kọjá níṣẹ̀ẹ́jú kan á di ìlọ́po méjì."

"Ẹ fẹ̀ ẹ́ nígbà náà."

"Ẹlòmíràn wà lọ́tùn-ún, ẹlòmíràn wà lósì. A ó wọ ilẹ̀ onílẹ̀."

Ó tẹ ọ̀rọ̀ sí ọkùnrin náà: "Rọra, olólùfẹ́ mi."

Ọkùnrin náà rọra. Àwòrán ń sọ̀ kalẹ̀ ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Òrùlé dé. Bàbá fa àga sún mọ́ ọn. Fèrèsé dé. Oòrùn ti ń wọ̀ kí ilẹ̀kùn tó yọ.

"Ta ló kan ilẹ̀kùn yìí?"

"Òun náà ni, Bàbá."

"Ó wọ́." Bàbá fi ìka tọ ìlà rẹ̀. "Sọ fún un pé bí wọ́n bá ti tún ọ̀nà ṣe, mò ń gbé ilẹ̀kùn gidi bọ̀. Ọmọ mi ò ní sùn sínú atẹ́gùn."

Ọ̀rọ̀ méjì ni ọmọbìnrin náà tẹ̀: "Bàbá gbà."

"Ilẹ̀kùn tí mo sọ ńkọ́?"

"Ọ̀nà tóóró ni, Bàbá."

Èsì wọlé: "Mo gbọ́, ìyàwó mi."

Ó yára fi ọwọ́ bo ọ̀rọ̀ náà. Bàbá ti kà á.