Ìkànnì HD Wo Lẹ Fẹ́?

Ní ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù kẹjọ ọdún 2025, wọ́n bi Edith Adémúyìwá ní ìbéèrè kan tí ẹnikẹ́ni kò bi í rí. Ó ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́ ní ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ní Àpòmù nígbà tí fóònù rẹ̀ dún. Ó nu ọwọ́ sára ìró, ó wá awò ojú rẹ̀ rí, ó sì ka ohun tó wọlé sórí wọ́sáàpù rẹ̀.

"Ẹ káàsán, oníbàárà wa. Ìkànnì HD wo lẹ fẹ́ kí á fi kún àwọn tí ẹ ń wò? Èrò yín jẹ wá lógún."

Àmì ilé iṣẹ́ tó ni díkódà rẹ̀ ni ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà náà. Edith tún un kà. Ó ti pẹ́ tó ti ń sanwó fún wọn. Bí òjò bá ṣú tí àwòrán lọ, wọn kì í bi í bó ṣe rí lára rẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ fi owó lé owó, wọn kì í bi í. Ìkànnì kan wà tó fẹ́ràn gan-an, wọ́n yọ ọ́ kúrò lọ́jọ́ kan, wọn ò bi í. Wàyí o, wọ́n ń bi í pé kí ló fẹ́.

Ìbéèrè náà wọ̀ ọ́ lára. Ó gbé àwo ẹ̀wà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Akọ̀wé ilé ẹ̀kọ́ ni Edith kí ó tó fẹ̀yìntì. Nínú ìjọ Mẹ́tọ́díìsì tó ń lọ, aṣáájú kíláàsì ni. Ẹni tí kò bá mọ ètò wọn, kíláàsì ni àwọn ọmọ ìjọ mélòó kan tí a fi sábẹ́ ìtọ́jú ẹnì kan. Bí ara ẹnì kan kò bá yá, aṣáájú ni yóò kọ́kọ́ gbọ́. Bí ìbéèrè bá ti òkè wá, aṣáájú ni yóò kó èrò gbogbo wọn jọ, tí yóò sì fèsì lórúkọ wọn. Bí aṣáájú bá sì ní kí wọ́n mú nǹkan wá nítorí aláìsàn, wọ́n á mú un wá. Kò sí ẹni tí í tọ pinpin rẹ̀.

Ní àkókò yẹn, ẹni tí kíláàsì ń dáwó fún ni Salome, tí wọ́n ń pè ní Ìyá Ayọ̀kúnmi, tó ń din dòdò tà ní ẹ̀bá títì ní Ìkirè. Àrùn kan tí kì í dunni ti ń jẹ ojú rẹ̀ lọ díẹ̀díẹ̀. Dókítà n'Ífẹ̀ ti sọ fún un pé kí ó tètè wá ṣe iṣẹ́ abẹ ojú òsì kí oṣù kẹsàn-án tó parí. Ó ní ibi tí àrùn náà bá ti gbà lọ́wọ́ ojú, kò sí oògùn tó lè gbà á padà. Wọ́n ti fi àdéhùn sí i pé ní Sọ́ńdè ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù kẹjọ, lẹ́yìn ìsìn, kí kálukú mú tirẹ̀ wá.

Lọ́jọ́ kejì tí í ṣe Sọ́ńdè, nígbà tí kíláàsì jókòó sábẹ́ igi máńgòrò ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì, Edith gbé ìbéèrè díkódà náà ka iwájú wọn.

"Ẹ jọ̀ọ́, kí tiẹ̀ ni HD yẹn?" Titus ló béèrè. Tíṣà ni bàbá náà tẹ́lẹ̀. Oko kòkó tó wà lọ́nà Ararọ̀mí-Òwu ló kù tó ń bójú tó.

Akíndèjì tó ń ránṣọ ní Ìkirè dá a lóhùn. "Bàbá, HD ni èyí tí àwòrán rẹ̀ mọ́ gaara. Èyí tí ẹ ń wò nílé yín, agbábọ́ọ̀lù àti koríko, àwọ̀ kan náà ni wọ́n."

"Ṣé agbábọ́ọ̀lù ni mo fẹ́ fi sebẹ̀ ni? Aṣáájú, ìkànnì àgbẹ̀ ni kí wọ́n fún mi. Kó mọ́ bí ọmọ yìí ṣe wí. Lọ́jọ́sí, wọ́n ń fi àrùn ara kòkó hàn wá. Dúdú ni mo rí. N ò mọ̀ bóyá kòkó ni, àbí wọ́n ti mú iná lọ."

Wọ́n rẹ́rìn-ín.

"Tèmi, Aṣáájú," ni Akíndèjì bẹ̀rẹ̀.

"Bọ́ọ̀lù. Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀ kí o tó jókòó," ni Edith sọ. Ó yíjú sí ẹni tó jókòó sí ìpẹ̀kun bẹ́ǹṣì. "Ìyá Ayọ̀kúnmi, ìwọ ńkọ́?"

"Ẹ̀yin ẹ máa wò ó, Aṣáájú. Èmi wo ló ń wo tẹlifíṣọ̀n? Ìmọ́lẹ̀ tó ń ṣí lọ ṣí bọ̀ ni mò ń rí."

"Wọ́n ní èrò oníkálukú ni àwọn fẹ́. Sọ tìẹ."

Salome ronú díẹ̀. "Kí wọ́n fi ti àwọn akọrin kún un, nígbà náà. Ṣùgbọ́n kí wọ́n má máa ya òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì àti òdòdó kiri. Kí wọ́n súnmọ́ ẹni tó ń kọrin dáadáa. Bí ó bá mọ́ tó bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́, bóyá màá rí ẹnu rẹ̀."

"Bí wọ́n bá ṣe iṣẹ́ abẹ tán, wàá ka eyín rẹ̀," ni Titus wí.

"Kí Ọlọ́run gbọ́, sà."

Nígbà tí Edith délé, ó to gbogbo ohun tí wọ́n sọ sínú fóònù, ó sì fi ránṣẹ́. Ó jókòó, ó ń rò ó pé ta ni yóò kà á. Ṣé ọmọbìnrin kan ni, níbi tí ẹ̀rọ amúlétutù wà? Ṣé yóò yé e pé kòkó ló mú kí bàbá kan n'Ìkirè fẹ́ HD? Kò pẹ́, èsì dé.

"A dúpẹ́, Màmá. Àlàyé yín dára púpọ̀. Kí ìbò yín lè wọlé, a ti fi nọ́ńbà mẹ́fà ránṣẹ́ sí yín. Ẹ dá a padà fún wa níbí."

Lóòótọ́, àtẹ̀jíṣẹ́ kan wọlé. Nọ́ńbà mẹ́fà náà wà níbẹ̀. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ìyókù, wọ́n ní kí ó má ṣe fi kóòdù náà han ẹnikẹ́ni.

Edith gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ó dúró. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò bí akọ̀wé. Bí ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ bá fún òun ní ìwé ìdánwò, tó ní kí òun má fi han ẹnikẹ́ni, tí ó sì wá padà wá gbà á, ṣé ọ̀gá náà wà lára ẹnikẹ́ni? Ẹni tó fún un ni yóò dá a padà fún. Kò rí ohun tó burú níbẹ̀. Ó tẹ nọ́ńbà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ó fi wọ́n ránṣẹ́.

Kò pẹ́ tí wọ́sáàpù rẹ̀ fi pa dé. Ó ní kí ó forúkọ sílẹ̀ bí àlejò. "Nẹ́tíwọ́ọ̀kì Àpòmù," ni Edith wí, ó gbé fóònù sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló wà jálẹ̀ ọ̀sẹ̀ náà, kò sì yọ ọ́ lẹ́nu púpọ̀. Ohun tó gbà á lọ́kàn ni ìkànnì tuntun. Ní ìrọ̀lẹ́, á mú rìmóòtù, á máa tẹ̀ ẹ́ láti ìkànnì àkọ́kọ́ títí dé ìkẹyìn, láti wò ó bóyá ti àgbẹ̀ tàbí ti akọrin ti dé.

Sọ́ńdè pé. Lẹ́yìn ìsìn, Edith tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì kékeré.

"Ẹ jẹ́ ká gbé owó ojú sílẹ̀, ẹ̀yin ará."

Kò sí ẹni tó mú owó jáde. Wọ́n ń wo ara wọn.

"Owó wo tún ni, Aṣáájú?" ni Akíndèjì béèrè. "Ṣebí a ti san án sínú àkáǹtì tí ẹ fún wa."

"Àkáǹtì wo ni mo fún yín? Èmi tí wọ́sáàpù mi kò ṣí látìgbà tí mo ti rí yín kẹ́yìn?"

Titus fa fóònù rẹ̀ yọ, ó nà án sí i. Edith rí orúkọ ara rẹ̀. Ó rí àwòrán ara rẹ̀ tó yà lọ́jọ́ ìkórè, tòun ti fìlà. Lábẹ́ rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tí kò kọ wà: "Ẹ̀yin ará, dókítà ti fa ọjọ́ iṣẹ́ abẹ súnmọ́. Ẹ má dúró de Sọ́ńdè mọ́. Ẹ san án síbí lónìí." Orúkọ ẹnì kan tí kò mọ̀ rí ló wà lára àkáǹtì náà. Ó wo ohun tó ṣáájú rẹ̀. Akíndèjì ló ti kọ́kọ́ béèrè nínú gúrúùpù wọ́sáàpù kíláàsì wọn pé, "Aṣáájú, owó iṣẹ́ abẹ ojú Ìyá Ayọ̀kúnmi, ṣé Sọ́ńdè náà ni?"

Ẹni tó jí nọ́ńbà Edith kò mọ Salome. Ìbéèrè yẹn ló júwe rẹ̀ fún un.

"Kí ló dé tí ẹnì kankan ò pè mí?" ni Edith béèrè.

Akíndèjì ló fi ohùn kékeré sọ ọ́. "Mà, ta ni yóò pe Aṣáájú láti bi í pé ṣé òótọ́ lẹ sọ?"

Salome na ọwọ́, ó fi kan tábìlì náà. Aṣọ lásán ni ó bá níbẹ̀.

Humairah ni Edith sáré lọ bá. Ọmọ Alhaji Lùkúmọ̀n, aládùúgbò rẹ̀, ni, ó sì ń ṣiṣẹ́ ìlanilọ́yẹ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀ n'Ìkirè. Ọmọbìnrin náà kúnlẹ̀ kí i, ó gbọ́ ọ dópin kí ó tó sọ̀rọ̀.

"Màmá, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ pe báńkì. Àlàyé ń bọ̀."

Wọ́n ní kí Titus àti àwọn yòókù pe báńkì tiwọn lójú ẹsẹ̀, wọ́n sì lọ sọ fún ọlọ́pàá. Báńkì ní ẹni náà ti kó owó ọ̀hún jáde lọ́jọ́ tí wọ́n san án gan-an. Edith fi ẹnu ara rẹ̀ pe gbogbo ẹni tó ní nọ́ńbà rẹ̀, ó ní kí wọ́n má gba ọ̀rọ̀ kankan gbọ́ lórí wọ́sáàpù òun. Lẹ́yìn náà ni ó tó jókòó.

"Humairah, ṣàlàyé fún mi. Àwọn tó fún mi ní kóòdù ni mo dá a padà fún."

"Ẹ ṣí àtẹ̀jíṣẹ́ yẹn, mà. Ẹ má ka inú rẹ̀. Orúkọ tó wà lókè, ta ni?"

Edith wò ó. Orúkọ wọ́sáàpù ló wà níbẹ̀. Kò sí díkódà níbẹ̀ rárá. Ó ti ka nọ́ńbà, ó ti ka ìkìlọ̀, kò ka ẹni tó fi í ránṣẹ́.

"Ẹni yẹn ń gbìyànjú láti ṣí wọ́sáàpù yín lórí fóònù tirẹ̀," ni Humairah wí. "Wọ́sáàpù wá fi kóòdù ránṣẹ́ sí yín láti mọ̀ bóyá ẹ̀yin ni. Kọ́kọ́rọ́ ilé yín ni, mà. Olè dúró lẹ́nu ọ̀nà, ẹ sì nà án sí i."

"Ìbéèrè yẹn ńkọ́? Ṣé kò sẹ́ni tó fẹ́ mọ ohun tí a fẹ́ wò ni?"

"Àwọn ilé iṣẹ́ díkódà máa ń bi àwọn oníbàárà lóòótọ́. Ohun tó jẹ́ kí olè lò ó nìyẹn. Ẹni tó bá ní kí ẹ fún òun lówó, ẹ ó sá fún un. Ẹni tó ní kí lẹ fẹ́, ta ni yóò sá fún un?"

Edith ń wo fóònù náà bí ohun tí kò rí rí.

Olè náà ti fi nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ tirẹ̀ ti wọ́sáàpù pa, nítorí náà ó tó bí ọ̀sẹ̀ kan kí Humairah tó bá a gbà á padà. Kíláàsì tún bẹ̀rẹ̀ sí í dáwó. Ẹni tó ti mú tirẹ̀ tán tẹ́lẹ̀ ní láti dúró dìgbà tí kòkó bá jáde, tàbí tí iṣẹ́ aṣọ ọdún bá wọlé. Oṣù kẹsàn-án parí mọ́ wọn lọ́wọ́.

Humairah wá bá wọn lábẹ́ igi máńgòrò náà ní Sọ́ńdè kan, ó jókòó láàrin wọn. Ohun tó sọ fún wọn ni a sọ fún gbogbo ẹni tó bá ka ìtàn yìí.

Kò sí ohun tó burú nínú kí ẹ sọ ìkànnì tí ẹ fẹ́. Ẹ̀yin lẹ ń sanwó, ẹ̀tọ́ yín ni. Ṣùgbọ́n ẹ gba ibi tó tọ́ lọ. Ẹ pe nọ́ńbà tó wà lára páálí díkódà yín, tàbí kí ẹ lọ sí ọ́fíìsì wọn. Titus lọ sí ti Gbọ̀ngán nípa ìkànnì àgbẹ̀ rẹ̀. Wọ́n gbọ́ ọ, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Wọn ò bi í ní kóòdù kankan.

Ẹni tó bá ń béèrè èrò yín kò nílò kóòdù tó wọ fóònù yín. Kóòdù yẹn kò sí fún ilé iṣẹ́ díkódà, kò sí fún báńkì, kò sí fún ọmọ yín pàápàá. Kí ẹ tó ṣe ohunkóhun sí i, ẹ wo orúkọ ẹni tó fi í ránṣẹ́. Ẹ lọ sínú ètò wọ́sáàpù yín, kí ẹ fi nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ tiyín tì í lẹ́ẹ̀kejì; bí kò bá yé yín, ẹ ní kí ẹni tí ẹ fọkàn tán bá yín ṣe é lójú yín. Bí wọ́sáàpù yín bá sì ṣàdédé pa dé, ẹ má di ẹ̀bi rẹ̀ ru nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ẹ fi ìpè lásán sọ fún àwọn ènìyàn yín lọ́jọ́ náà.

Bí ọ̀rọ̀ owó bá wá lórí wọ́sáàpù, ẹ pe ẹni tó ni orúkọ náà, kí ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀. Ì báà ṣe aṣáájú, ì báà ṣe àlùfáà, ì báà ṣe ìyá tó bí yín. Bíbéèrè kì í ṣe àfojúdi. Ní kíláàsì Edith báyìí, òun fúnra rẹ̀ ló pa á láṣẹ pé ẹni tí kò bá pe òun kò gbọdọ̀ san nǹkan kan.

Ní oṣù kọkànlá, wọ́n gbé Salome lọ sí Ifẹ̀. Ojú ọ̀tún ni dókítà ṣe iṣẹ́ abẹ fún, kí àrùn náà má baà tẹ̀ síwájú níbẹ̀. Ó ní kò sí ohun tí òun lè ṣe sí èkejì mọ́. Ojú òsì Salome ti fọ́.