Ẹyẹ Èédú Ara Ilẹ̀kùn Ìyá Oníbúrẹ́dì

Bí Ìyá Oníbúrẹ́dì ṣe lu abọ́ irin lẹ́ẹ̀kẹta láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọmọkùnrin rẹ̀ kan ṣoṣo ta gìrì jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì, ó la ojú sílẹ̀, ó sì wó padà. Kò mí mọ́. Ọkùnrin tó ru àpò ìyẹ̀fun méjì lánàá, tí orí kì í fọ́! Abọ́ irin yìí náà ni ìyá rẹ̀ ti fi ń jí ilé àti àwọn òṣìṣẹ́ láti ogún ọdún.

Kí oṣù tó parí, ẹnìkan ti fi èédú ya ẹyẹ sára ilẹ̀kùn ilé búrẹ́dì. Gbogbo àdúgbò mọ ohun tó túmọ̀ sí. Ìyá wò ó títí.

"Ẹni tó ya eléyìí ò mọ àwòrán yà," ló wí. "Ẹ wo ìdí ẹyẹ bí ìdí mi!"

Ó rẹ́rìn-ín títí ikùn rẹ̀ fi ń mì, kò sì nù ún.

Àmọ́ ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu rẹ̀ lọ́jọ́ tó pariwo mọ́ ewúrẹ́ tó ki orí bọ ìyẹ̀fun. Ariwo náà kò tíì parí tí ọmọ-ọmọ rẹ̀, Tẹ́ẹ́rẹ́, ọmọ ọdún mọ́kànlá, fi ṣubú gbì. Nígbà tó jí, ètè rẹ̀ ti funfun.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni Kápẹ́ńtà, àbúrò ọkọ Ìyá, dé.

"Ìyàwó wa, ariwo abọ́ yín ló pa ọmọ yín. Ohùn yín ti kan ọmọ-ọmọ báyìí. Ẹ kó ẹrù yín kúrò nílé yìí."

"Ọkọ mi, ohùn yìí náà ni mo fi ń pè yín wá jẹun láti ogójì ọdún. Kí ló dé tí ẹ ò kú?"

Ìyá Tẹ́ẹ́rẹ́, opó ọmọ rẹ̀, dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò gbójú sókè. "Màmá, mi ò sọ pé ẹ̀yin ni. Àmọ́ òun nìkan ló kù sí mi lọ́wọ́."

Ìyẹn dun Ìyá ju ọ̀rọ̀ Kápẹ́ńtà lọ. Ohun tí ẹnikẹ́ni ò sì mọ̀ ni pé òun náà ti ń ṣubú láti ìgbà tó ti wà lọ́mọge. Wọ́n á kàn gbá ilẹ̀kùn lójijì, òun á sì wó sáàárín àpò ìyẹ̀fun. Bó bá jí, á gbọn aṣọ, á ní òun rẹjú ni. Ó mọ ohun tí wọ́n máa ń sọ nípa obìnrin tó bá dákú, tó tún jí: wọ́n á ní ó lọ ìpàdé àjẹ́ ni, ó ti dé.

"Ó dáa," ló wí. "Mo máa fi aṣọ di ẹnu mi fún ọjọ́ méje, mi ò sì ní lu abọ́ irin. Bí ọmọ bá tún ṣubú, ẹ wá àjẹ́ mìíràn."

Lọ́jọ́ kìíní, ọwọ́ ló fi ń bú àwọn òṣìṣẹ́. Lọ́jọ́ kejì, búrẹ́dì jó, torí ẹni tó yẹ kó pariwo ò lẹ́nu. Lọ́jọ́ kẹta, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti gbé pákó búrẹ́dì, ó sì só bí ìbọn.

"Màmá àgbà," Tẹ́ẹ́rẹ́ bú sẹ́rìn-ín, "ṣé ìyẹn kì í ṣe ohùn?"

Ní ìrọ̀lẹ́, Kápẹ́ńtà lúgọ sẹ́yìn igi ìdáná láti ṣọ́ ẹyẹ àjẹ́. Ẹyẹ dé lóòótọ́, mẹ́fà. Wọ́n ṣa èérún búrẹ́dì tán, wọ́n ṣu sí i ní fìlà, wọ́n fò lọ.

Ọ̀sán ọjọ́ kẹrin ló ṣẹlẹ̀. Tẹ́ẹ́rẹ́ ń sùn lórí ẹní. Kápẹ́ńtà jókòó tì í, ó ń ṣọ́ ọ. Ni fóònù rẹ̀ bá ké, fóònù tó gbé ohùn rẹ̀ sókè gan-an kí ó lè máa gbọ́ ọ nídìí ayùn. Tẹ́ẹ́rẹ́ ta gìrì, ó sì wó padà, gẹ́gẹ́ bíi bàbá rẹ̀.

Ìyá sáré wọlé láti ìdí ààrò, aṣọ ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Ó já a kúrò, ó ya ẹnu láti ké, ó sì gbé igbe náà mì.

"Ariwo òjijì ni," ló wí jẹ́jẹ́. "Àti tèmi o, àti ti fóònù o. Ọmọ ti ń mí. Ẹ wá ọkọ̀."

Nílé ìwòsàn, dókítà, ọ̀dọ́mọbìnrin kan, lẹ okùn wáyà mọ́ àyà Tẹ́ẹ́rẹ́. Ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í pọ ìwé jáde, pẹ̀lú ìlà tó ń gòkè tó ń sọ̀.

"Iná kékeré kan ló ń sọ fún ọkàn pé kó lù," dókítà wí. "Lẹ́yìn tó bá lù tán, ó yẹ kó tètè gba iná padà. Ti ọmọ yìí ń pẹ́ jù. Bí ìdágìrì bá ká a mọ́bẹ̀, ìlù ọkàn á dàrú, ẹ̀jẹ̀ ò ní dé orí. Ó máa ń rìn nínú ìdílé. Ta ló tún ń dákú nínú ẹbí yín?"

 Kápẹ́ńtà wo Ìyá. Bí Ìyá bá sọ̀rọ̀, ó fi okùn tí wọ́n á fi dè é lé wọn lọ́wọ́ nìyẹn. Bó bá dákẹ́, bóyá ni dókítà á fi mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá.

"Èmi ni," ó wí. "Ó ti lé lógójì ọdún. Mo ń purọ́ pé oorun ló gbé mi lọ."

"Ó jẹ́wọ́!" Kápẹ́ńtà fò dìde. "Ẹ gbọ́ o, ó jẹ́wọ́!"

"Ọkọ mi, ẹ jókòó. Dókítà, ẹ lẹ wáyà yẹn mọ́ èmi náà." Ó ti ń tú bùbá. "Ẹ bá mi gbé ọmú kúrò lọ́nà, ó ti ń lọ kí orúnkún."

Wọ́n tẹ́ ìwé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ọ̀kan náà ni. Ìyá Tẹ́ẹ́rẹ́ wá sọ bí ọkọ rẹ̀ ṣe kú.

"Ó jọ pé àìsàn yìí náà ló mú bàbá ọmọ yìí lọ," dókítà wí.

Ìyá Tẹ́ẹ́rẹ́ di ọwọ́ ìyá ọkọ rẹ̀ mú, ó ń sunkún, kò sì fi í sílẹ̀ títí dókítà fi ṣàlàyé tán: oògùn láàárọ̀ àti lálẹ́, ọjọ́ kan ò gbọdọ̀ fò, kò sí oògùn mìíràn láìbéèrè, kò sí aago tàbí ariwo tó ń jí èèyàn. Bí ìṣubú bá tún wà, wọ́n á fi ẹ̀rọ kékeré sábẹ́ awọ àyà láti máa ṣọ́ ọkàn.

Nígbà tí wọ́n délé, Ìyá lẹ ìwé méjèèjì mọ́ ilẹ̀kùn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹyẹ èédú. Èrò pé jọ.

"Ẹ wá wo ẹyẹ tí ẹ ń wá! Ara mi ló ti wá lóòótọ́. Mo fún ọmọ mi, ó fún tirẹ̀, bí mo ṣe fún wọn ní ìdí rọ̀bọ̀tọ̀ yìí. Mi ò rán an níṣẹ́ ikú. Mo ti mú un báyìí, oògùn ló ń mu. Ta ló fẹ́ lé mi?"

Kápẹ́ńtà ń wo fìlà ọwọ́ rẹ̀.

"Ọkọ mi, ẹ pa ohùn fóònù yẹn kẹ́ ẹ tó wọlé."

Ní ìdájí ọjọ́ kejì, abọ́ irin ò dún. Ìyá jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ó ń fọwọ́ ra Tẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́sẹ̀ díẹ̀díẹ̀, títí ọmọ fi la ojú fúnra rẹ̀, tó sì rẹ́rìn-ín. Ó fún un ní oògùn, ó gbé tirẹ̀ mì. Lẹ́yìn náà ló gbé abọ́ irin náà jáde, ó bu omi kún un, ó gbé e kalẹ̀ fún àwọn ẹyẹ.