Ìgò Méjì fún Ìyá Kan

Èébú ni dókítà obìnrin náà fi kí ọkùnrin tó wá tún fìrísà rẹ̀ ṣe káàbọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ pàdé.

"Ṣé ẹ̀yin ni wọ́n ní kó wá láti àárọ̀? Ọ̀sán ti pọ́n! Bí yìnyín inú fìrísà yìí bá yọ́ tán, iṣẹ́ ọdún kan mi ti wọmi nìyẹn!"

Ọkùnrin náà rọra gbé àpótí irinṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. Fíríìjì àti fìrísà ló máa ń tún ṣe, gbogbo ilé ìwòsàn náà sì mọ̀ ọ́n sí Oníyìnyín.

"Ẹ jọ̀ọ́, Dókítà, ta ni kí n kọ́kọ́ tọ́jú? Fìrísà ni àbí ẹ̀yin?"

Obìnrin náà fẹ́ bínú, ẹ̀rín ló jáde.

Ìgò kéékèèké ló kún inú fìrísà. Omi ọyàn ni. Bí ọkùnrin náà ti ń tú ẹ̀yìn ẹ̀rọ ni obìnrin náà ń ṣàlàyé. Àwọn ìyá tó ní wárápá ló fún un, àwọn tó ń lo oògùn lójoojúmọ́. Ó fẹ́ mọ ìwọ̀n oògùn tó ń gba inú ọmú ìyá dé ara ọmọ.

"Kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ sọ̀yà. Bí ìyá bá béèrè, wọ́n á ní kó yan ọ̀kan: oògùn tàbí ọmú."

Ọwọ́ Oníyìnyín dúró lára ẹ̀rọ.

"Ìyàwó mi yan ọmú," ló wí. "Ọjọ́ kọkànlélógún tó bímọ, gìrì gbé e ṣubú nílé ìwẹ̀. Kò dìde mọ́. Ọmọ náà ti pé ọdún méje báyìí, ọ̀dọ̀ ìyá mi ló wà."

Obìnrin náà sún mọ́ ọn. Ó gba aṣọ ìnuwọ́ tó wà léjìká ọkùnrin náà, ó bá a nu ọ̀rá ọwọ́ rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, fìrísà ò ṣàìsàn mọ́, ṣùgbọ́n oníṣègùn rẹ̀ ò yéé bẹ̀ ẹ́ wò. Ọ̀sẹ̀ kan kì í kọjá kó má yọjú. Àwọn nọ́ọ̀sì a máa pariwo láti òkèèrè pé, "Ìyá Ọlọ́mú, ọkọ fìrísà yín ti dé o!" Kí oṣù kẹrin tó pé, àwọn méjèèjì ti mọ̀ pé ìfẹ́ ló ń gbé e wá. Ọkàn ọkùnrin náà kì í balẹ̀ bí kò bá rí obìnrin náà. Ó ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ oníbàárà, etí rẹ̀ á wà lára fóònù.

Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n obìnrin náà, agbẹjọ́rò tó ti dípò bàbá fún un, ò gbà.

"N ò sọ pé ọkùnrin náà ò dáa. Àmọ́ ìgbìmọ̀ tó ń fún olùwádìí lówó ń bọ̀ wá wo iṣẹ́ rẹ. Bí wọ́n bá fún ọ, ọ̀gá pátápátá ni ọ́. Ṣé ẹni tó ń ti ẹ̀yìn fíríìjì bọ̀ lo máa mú lọ síwájú ẹgbẹ́ rẹ?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ta ni kì í jẹ́ kí ẹran ilé yín rà?"

"Ẹnu rẹ mú. Jẹ́ kí owó yẹn dé ná, a ó wá sọ̀rọ̀."

Báyìí ni owó ìwádìí ṣe di ọ̀nà tí ohun gbogbo gbọ́dọ̀ gbà kọjá: ìdáhùn tí àwọn ìyá ń dúró dè, àti ìgbéyàwó àwọn méjèèjì.

Ọjọ́bọ̀ ni ìgbìmọ̀ ń bọ̀. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Dókítà wà ní ìpàdé, Oníyìnyín sì wọ láàbù, yàrá ìwádìí rẹ̀, láti gbọ́n yìnyín tó dì mọ́ ara fìrísà, kó lè dára lójú àlejò. Ó kó àwọn ìgò sínú kúlà, ó nu inú ẹ̀rọ títí ó fi ń dán. Nígbà tó ń kó wọn padà, ó rí i pé nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan wà lára ìgò méjì. Afínjú ènìyàn ni. Ó to nọ́ńbà kìíní mọ́ nọ́ńbà kìíní, èjì mọ́ èjì, títí dé ogójì.

Dókítà dé, ó ṣí fìrísà.

"Ta ló to ìgò yìí?"

"Èmi ni. Ṣé ó wù ọ́?"

Obìnrin náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní láàbù.

"Àjà òkè ni omi ọyàn tí wọ́n fún kí wọ́n tó lo oògùn. Àjà ìsàlẹ̀ ni ti ẹ̀yìn oògùn. N ò kọ ìyẹn sára ìgò. Àjà yẹn ni mo fi ń dá wọn mọ̀."

Ara ọkùnrin náà tutù ju fìrísà lọ. Ó wá ọ̀nà títí.

"Ìfẹ́ mi, ṣé a ò lè yẹ̀ wọ́n wò? Èyí tí oògùn bá pọ̀ sí jù, kó jẹ́ ti ẹ̀yìn."

"Bí mo bá ṣe bẹ́ẹ̀, mo ti fi ìdáhùn sẹ́nu ìbéèrè. Bí ó bá wá jẹ́ pé kò pọ̀ sí i lára ẹlòmíràn ńkọ́? Ẹ̀bi tèmi ṣáájú tiyín. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa lọ. N ò fẹ́ rí yín báyìí."

Ó lọ. Ọjọ́ méjì ló fi ń rìn káàkiri ìlú bí ẹni tí nǹkan sọ nù lọ́wọ́ rẹ̀. Lọ́jọ́bọ̀, láìpè, ó lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà láàbù. Ó gbọ́ bí obìnrin náà ṣe jẹ́wọ́ fún ìgbìmọ̀ láìfi ọ̀rọ̀ kan pamọ́, kò sì dárúkọ ẹnikẹ́ni mọ́ ẹ̀bi náà àyàfi ara rẹ̀.

"Kí ló dé tó o sọ fún wa?" Ìyá àgbà tó jẹ́ olórí wọn ló béèrè. "A ò bá má mọ̀."

"Ẹ ò bá má mọ̀, mà. Ọmọ ọlọ́mọ ni ì bá jìyà rẹ̀."

Ìyá àgbà náà yọ awò ojú rẹ̀.

"Oṣù mẹ́ta. Bí ogún ìyá bá tún fún ọ ní omi ọyàn, wàá gba owó náà. Bí wọn ò bá pé, ẹlòmíràn á gbà á."

Bí wọ́n ti lọ, Oníyìnyín wọlé.

"Mo ní ọkọ̀," ló wí. "Mo sì ní kúlà."

Obìnrin náà mú àpò rẹ̀. "Ẹ mú bírò dání," ló dá a lóhùn.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti ojúlé dé ojúlé. Àwọn kan ti já ọmọ lẹ́nu ọmú. Àwọn kan ti kó lọ. Ìyá kan kó ọwọ́ lérí nígbà tó rí wọn.

"Ẹ tún padà wá? Ẹ ti mu tàkọ́kọ́ tán, àbí?"

"Èmi ni mo dà á rú, ìyá wa," Oníyìnyín wí.

"Ọkùnrin tó ń jẹ́wọ́! Dókítà, ẹ má jẹ́ kí eléyìí bọ́ o."

Láàárín ìgò àkọ́kọ́ àti ìkejì, wákàtí mẹ́ta ni wọ́n ń dúró nínú ọkọ̀. Níbẹ̀ ni ìbínú ti tán díẹ̀díẹ̀. Obìnrin náà bi í léèrè nípa ìyàwó rẹ̀, ọkùnrin náà sì sọ fún un: orin tó fẹ́ràn, bó ṣe máa ń rẹ́rìn-ín ara rẹ̀. Kò sọ irú rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni rí.

Ìyá mẹ́tàlélógún ni wọ́n rí. Owó dé. Ẹ̀gbọ́n fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé, "Mú un wá. Àmọ́ kó má ki irinṣẹ́ bọ àpò aṣọ rẹ̀."

Wọ́n kó ìgò lọ síbi tí ẹ̀rọ tó lè wọn oògùn wà. Nígbà tó yá, Dókítà ò gbé fóònù mọ́. Ọjọ́ kìíní, ọjọ́ kejì. Lọ́jọ́ kẹta, Oníyìnyín ò lè mú un mọ́ra, ó lọ bá a ní láàbù.

"Èsì ti dé," obìnrin náà wí, kò wo ojú rẹ̀. "Àwọn mẹ́fà ń lo oògùn tí ìyàwó yín ń lò. Èyí tó ń dé ara ọmọ kò tó nǹkan. Kò tó ohun tó lè pa ọmọ lára."

"Ìyẹn ni pé..."

"Kò yẹ kí wọ́n ní kó yan."

Ọkùnrin náà rìn dé ẹnu ọ̀nà. Ó padà. Ó tún rìn débẹ̀, ó di férémù ilẹ̀kùn mú.

"Ọjọ́ mẹ́ta lo fi dá ru èyí?"

"Ẹ̀rù ń bà mí. Mo rò pé nígbàkígbà tí ẹ bá rí ojú mi ni ẹ ó máa rántí rẹ̀."

"Ẹni tó wá òótọ́ rí kọ́ ló pa á," ló wí. "Ṣé o ti kọ ọ́ fún àwọn ilé ìwòsàn?"

"Ẹ̀yin ni mo fẹ́ kó kọ́kọ́ gbọ́."

"Kọ ọ́. Kọ ọ́ lọ́nà tí nọ́ọ̀sì á fi lè kà á fún ìyá lórí bẹ́ẹ̀dì."

Ó jókòó, ó kọ ọ́, ó kà á sókè. Oníyìnyín ní kó tún un kà. Lẹ́yìn náà ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú.

"Lọ́jọ́ kan, ọmọ mi á bi mí léèrè ohun tó pa ìyá rẹ̀. N ò lè dá a lóhùn."

Obìnrin náà dìde, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"A jọ máa dá a lóhùn ni, ọkọ mi."

Ọjọ́ náà ló kọ́kọ́ pè é bẹ́ẹ̀.