Òpó Tí Kò Ní Páálí

"Wọ́n ní Olùkọ́ Kékeré sọ fún ọmọ aránṣọ pé…"

"Pé kí ni?"

"Pé ilé wọn ṣófo. Pé ìyá rẹ̀ ò… àbí kò yé ẹ ni?"

Ìdí ẹ̀rọ omi ni ọ̀rọ̀ yìí ti gbéra. Kó tó dé ṣọ́ọ̀bù aránṣọ, ó ti sanra. Ọmọ kan ṣoṣo ni aránṣọ bí, ó sì ti ń retí ìkejì láti ọdún mẹ́jọ. Ó gbé sísọ́ọ̀sì sílẹ̀, ó ránṣẹ́ pe ìyá-kíláàsì, olùkọ́ àgbà tó ni kíláàsì ọmọ rẹ̀. Ìyá-kíláàsì ní bó bá jẹ́ òótọ́, Olùkọ́ Kékeré ò ní fọwọ́ kan ṣọ́ọ̀kì mọ́ ní kíláàsì òun.

Olùkọ́ Kékeré, tó ń ran ìyá-kíláàsì lọ́wọ́, ò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún lọ. Bó bá ti di kó bá àgbà sọ̀rọ̀, ahọ́n rẹ̀ a lẹ̀ mọ́ àjà ẹnu. Àárín àwọn ọmọdé nìkan ni ara ti máa ń tù ú, kò sì sí iṣẹ́ mìíràn tó wù ú.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó ń kọ́ wọn ní gíráàfù olópòó. Ó ní kí kálukú to páálí ìṣáná sókè orúkọ rẹ̀, ẹyọ kan fún ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n tó yà á sínú ìwé. Ti ọmọ awakọ̀ ga tó márùn-ún, ti ọmọ káfíńtà jẹ́ méjì. "Mélòó ni tibí fi ju tọ̀hún lọ?" Wọ́n pariwo pé mẹ́ta. Ọmọ aránṣọ ò ní nǹkan tó máa tò. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Páálí kan wà lọ́wọ́ Olùkọ́ Kékeré. Díẹ̀ ló kù kó fi lé e lọ́wọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sọ̀rọ̀ sí i létí. Omijé tí àwọn yòókù rí lójú ọmọ náà ni wọ́n gbé délé.

Ọ̀rẹ́ Olùkọ́ Kékeré ti gbà á nímọ̀ràn: "Sọ pé ọmọ yẹn ló yà á bẹ́ẹ̀ fúnra ẹ̀. Ta ló máa gba ọmọ ọdún mẹ́jọ gbọ́?"

Ní ṣọ́ọ̀bù, ìyá-kíláàsì na ìwé ọmọ náà sí Olùkọ́ Kékeré. Ó bi í ta ló ní kí wọ́n fi òkè orúkọ ọmọ náà sílẹ̀ lófìfo. Olùkọ́ Kékeré wo ọmọ náà, tó jókòó ti agbọ̀n bọ́tìnnì. Bí òun bá parọ́, ọmọ yìí ló máa di òpùrọ́ níwájú ìyá rẹ̀.

"Èmi ni, mà," ló wí.

Aránṣọ dìde. "Ẹ gbọ́ tẹnu ẹ̀ báyìí?"

"Ẹ ní sùúrù," ni ìyá-kíláàsì wí. "Ọ̀rọ̀ ìdí ẹ̀rọ omi ni gbogbo wa gbọ́. Ó yẹ ká ti kọ́kọ́ bi ẹni tí wọ́n sọ ọ́ fún. Ìwọ, kí ni àǹtí sọ sí ẹ létí?"

Ọmọ náà dìde dúró, bí ìgbà tó fẹ́ ka ìwé ní kíláàsì.

"Àǹtí ní, 'Má yá páálí ẹlòmíràn. Kọ orúkọ ẹ sísàlẹ̀, kó o fi òkè ẹ̀ sílẹ̀. Òdo náà, ìdáhùn ni. Tá ò bá kà ẹ́ mọ́ wa ni, orúkọ ẹ ò ní sí níbẹ̀.'"